Ìmọ́lẹ̀ Inú Ìgò Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí ọkọ mi fi ìmọ́lẹ̀ inú ìgò hàn mí ni n kò lè gbàgbé láyé.

Òun ni ó ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Accra. Ó lé ní ọdún kan tí ó fi ń po bàbà mọ́ sáyánáìdì, kẹ́míkà olóró kan, ó ń wá àpòpọ̀ tí yóò tàn bí iná. Nígbà tí ìjọba ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana, mo ní, "Bàbá Síkírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbàwé." Ó rẹ́rìn-ín. "Lagos Town, ní Accra níbí, ni wọ́n bí mi sí. Èmi wá dàlejò?"

Lọ́jọ́ náà, mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó pa fèrèsé dé, ó tan iná àlùkò kékeré kan sórí ìyẹ̀fun funfun inú ìgò. Ó tàn yòò, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé àgbàdo! Síkírù, ọmọ wa tí mo pọ̀n, nawọ́ sí i láti ẹ̀yìn mi.

"Ìyá Síkírù, ó mà tàn o!"

Ni ọ̀gá rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn. "Alata, ìwé rẹ dà?" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Kò sí. Ọ̀gá gba ìgò náà, ó ya bébà tí ọkọ mi kọ orúkọ ara rẹ̀ sí kúrò lára rẹ̀, ó ní ti ilé ẹ̀kọ́ ni.

Wọ́n lé wa kúrò ní Ghana. Ọṣẹ ni ọkọ mi ń tà báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí kò dé rí tẹ́lẹ̀. Síkírù kò rántí ìmọ́lẹ̀ náà. Èmi rántí, n kò sì tíì dárí ji ọ̀gá yẹn.