Aṣọ Tí Wọ́n Bá Nínú Mi

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Tunga, àdúgbò wa ní ìhà àríwá, ni wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọbìnrin mi jáde. Ara ọmọ le. Tèmi ni kò dá. Inú ń ro mí, ibà ń dé, ó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà sọ́dọ̀ dókítà tó là mí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí fún ọlọ́mọ tuntun, ó fún mi ní oògùn ìrora.

Ní oṣù keje tí mo bímọ, ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, wọ́n sì tún mi là. Nígbà tí mo jí, dókítà ibẹ̀, ọkùnrin Núpé kan, jókòó tì mí. Hausa ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Aṣọ tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ la bá nínú yín. Ó ti ba ilé ọmọ jẹ́. A ní láti yọ ilé ọmọ náà."

Mo ní, "To," bí Hausa ṣe ń sọ pé ó dáa. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n dárí ji dókítà tó kọ́kọ́ là mí, ọmọ ṣáà yè. Mo ṣe àmín. Ọkọ mi ni kò gbà, ó mú mi lọ bá lọ́yà kan, obìnrin ará Ìlọrin.

Lọ́yà ní, "Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ là yín sọ pé fáìlì yín ti sọnù, mà. Àfi kí dókítà tó tún yín là kọ ohun tó rí sílẹ̀."

A lọ bá dókítà Núpé náà.

"Èmi àti ẹni yẹn la jọ kàwé," ló sọ. "Òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

Ọkọ mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dì í mú. Ọ̀sẹ̀ kejì ló pè wá, ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má dúpẹ́.

Ìgbà kẹta tí a dé kóòtù, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a parí rẹ̀ níta. Dókítà àkọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì lọ́yà wa. Ó ní kí n forí ji òun. Mo ń retí kí inú bí mi, kò bí mi.

Mo bi í pé, "Télọ̀ ni mí. Mo máa ń ka ègé aṣọ kí n tó dì í. Ṣé ẹ ka àwọn aṣọ yẹn kí ẹ tó rán inú mi?"

"Nọ́ọ̀sì ní ó pé."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó fa ìwé àdéhùn tó wà níwájú rẹ̀ mọ́ra, ó fọwọ́ sí i.

Wọ́n san owó gbà-má-bìínú, mo sì fọwọ́ sí i pé n kò ní dárúkọ wọn. Mo gbọ́ pé àwọn dókítà ẹgbẹ́ ọkùnrin Núpé yẹn kì í jókòó tì í mọ́.

Ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀, Hausa sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ó bi mí pé àbúrò òun dà, nítorí ọmọ ilé kejì ti ní àbúrò. Mo ń gé aṣọ lọ. Ọkọ mi ló dá a lóhùn pé kó lọ fọwọ́, oúnjẹ ti wà nílẹ̀.