Sílípáàsì Nọ́ńbà Náìn

Èmi kì í rọra bínú. Ọkọ mi tó ti di olóògbé máa ń sọ pé bí inú bá bí mi ní Kétu, àwọn ará Ọ̀jọ́ta á gbọ́. Nítorí náà, ẹ má retí pé n óò fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní pápá bọ́ọ̀lù Ìkòsí dùn mí wọ eegun, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Láàárín àwa tí a ń wo bọ́ọ̀lù àdúgbò, àṣà kan wà tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Bí agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ wọ pápá, á bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀, á gbé e fún ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì àwọn alátìlẹ́yìn, ẹni yẹn ni yóò sì bá a dì í mú títí eré á fi parí. Kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà rí o. Ẹnì kan náà ni láti ọdún dé ọdún, ó sì ti di òbí rẹ̀ nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí ọmọ bá gbá ìgbákugbàá, ẹni tó di sílípáàsì rẹ̀ mú ni wọ́n máa bú. Bí ó bá sì fẹ́ fi tíìmù wa sílẹ̀ lọ sí òmíràn, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí ó lọ. Lẹ́yìn náà ni àgbà bẹ́ǹṣì á gbé sílípáàsì náà lé ọmọ lọ́wọ́, tí a ó sì ṣàdúrà fún un. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí tíìmù tó lè gbà á, láti Ṣàngíṣà títí dé Anthony.

Ọkọ mi ló ń di sílípáàsì Nọ́ńbà Náìn mú. Ọkùnrin kan tó wá láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni Náìn, táìlì ilẹ̀ ló ń lẹ̀ sínú àwọn ilé ńláńlá tó wà ní Mágodò, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn ju nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì rẹ̀ lọ. Òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wa. Nígbà tí ọkọ mi kú, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù kò ju eruku pápá tí mo máa ń fọ̀ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló mú mi débẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, páàtì ọkọ̀ ló ń tà ní Ọ̀jọ́ta, òun sì ni àgbà bẹ́ǹṣì wa. Èmi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, òun ń pè mí ní Ìyàwó, torí ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹni, ìyàwó ẹni náà ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí gbogbo èrò ti túká, tí ilé sì dákẹ́ jù fún mi, ó wá jókòó sí pálọ̀ mi, ó ní àyè ọ̀rẹ́ òun ṣì ṣófo lórí bẹ́ǹṣì, kí n wá jókòó síbẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣe mí láàánú lásán ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, ó fúnra rẹ̀ wá mú mi.

Ní ọjọ́ yẹn, Náìn dúró síwájú mi kí ó tó wọ pápá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo sunkún débi pé mi ò rí ìdajì eré àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí gbogbo wọn gbójú kúrò lára mi, wọ́n sì gbójú kúrò.

Kò pẹ́ tí ẹnu mi fi mú ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Ní sáà tí mo ń sọ yìí, ìjà tó gbóná jù ni ti ihò inú àwọ̀n. Náìn gbá bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù wọ ilé, ó gba ihò kan lára àwọ̀n jáde sẹ́yìn, rẹfirí sì ní ẹ̀gbẹ́ ló gbà kọjá. Háà, a jiyàn títí. A jà á láti Sátidé dé Sátidé. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń jókòó lápá òsì mi, mú ọsàn wá láti ọjà Máìlì Twẹ́lì, ó ń fi í gba inú ihò náà kọjá níwájú wa láti fi hàn pé bí bọ́ọ̀lù ṣe rìn nìyẹn. Ẹnì kan ní ọsàn kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Tíṣà ní rẹfirí náà kì í ṣe rẹfirí, síbẹ̀ a gbé fèrè fún un. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn wọn ju àwọn ẹbí mi kan lọ.

Àárín sáà dé, ìyẹn àkókò tí àwọn tíìmù máa ń gba agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ara wọn. A gbọ́ pé àwọn ará Ọ̀jọ́ta ń wá Náìn. Àwa lórí bẹ́ǹṣì ò sọ nǹkan mìíràn mọ́ ju ìyẹn lọ. Àwọn kan ní kò burú, ọmọ ń dàgbà, kí á fi gba ẹlòmíràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wúwo. Mo ní ẹni tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n dìde dúró, ó ní ẹni tó bá fẹ́ mú Náìn, kí ó kọ́kọ́ wá mú òun. A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ni mo pàtẹ́ jù.

Ní àsìkò yẹn kan náà ni ìròyìn ayọ̀ dé. Lọ́dọọdún, bí sáà bá ń parí lọ, àwọn alákòóso máa ń ṣe Ọjọ́ Àṣàyàn. Wọ́n á ṣa àwọn tó dára jù nínú gbogbo tíìmù, wọ́n á pín wọn sí méjì, wọ́n á ní kí wọ́n gbá a fún wa wò, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú oríṣiríṣi eré àṣedárayá. Pápá wa ò gbà á lálejò rí. Lọ́dún yìí, wọ́n ní Ìkòsí ni, pé bẹ́ǹṣì wa yóò sì jókòó sábẹ́ kánópì, lórí àga tó ní ẹ̀yìn. Mo pe àbúrò mi ní Abẹ́òkúta nítorí àga tó ní ẹ̀yìn.

Sátidé tí a lọ bá àwọn ará Ọ̀jọ́ta gbá a ní pápá tiwọn, Náìn ò bá wa lọ. Mo rò pé iṣẹ́ ló dá a dúró. Mo ti mú ọ̀rá dání tí n óò kó sílípáàsì rẹ̀ sí, torí òjò ń ṣú. Nígbà tí àwọn ọmọ Ọ̀jọ́ta ń jáde bọ̀ nínú jẹ́sì pupa wọn, mo rí i láàárín wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Ó ń gbé sílípáàsì rẹ̀ fún ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí mi ò rí rí láyé mi.

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbá mi létí. Mo dìde, mo sì fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi kígbe.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ó wò mí, ó dorí kodò. Ìyẹn ló tún wá jó mi lára jù. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, gbogbo bẹ́ǹṣì wa sì dáhùn pé àṣẹ. Bí ó bá ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù pẹ́ẹ́, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe "ọ̀dàlẹ̀" mọ́ ọn. Tíṣà pàápàá ń kígbe, èèyàn jẹ́jẹ́ yẹn. Náìn gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa, ó sì rìn padà sí àyè rẹ̀ láìgbọ́wọ́ sókè. Ẹ̀gbọ́n ra omi inú ọ̀rá fún mi kí ọ̀nà ọ̀fun mi má baà gbẹ.

"Má pa ara ẹ, Ìyàwó," ó wí. "Ọmọ aráyé ló le."

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe gbà á láìsí pé mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ó mi orí, ó ní òfin ti bàjẹ́, kò sí ohun tí ojú ò ní í rí, òun á bá àwọn alákòóso sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní í gbà á gbọ́?

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ọjọ́ Àṣàyàn pé, a péjọ láti yan àwọn tí yóò gbá a. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé agbábọ́ọ̀lù á dúró, àwọn alátìlẹ́yìn láti gbogbo tíìmù á sì tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Ìlà Náìn ló máa ń gùn jù tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo lọ bá àwọn ará Ṣàngíṣà, mo bá àwọn ará Anthony, mo ròyìn fún wọn bí ó ṣe fi wá sílẹ̀ láìdágbére. Wọ́n ní wọ́n ò ní í tò sẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìlà rẹ̀ kúrú, ó kúrú débi pé ojú tì í, ó sì kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kà á tán. Inú mi dùn. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ Àṣàyàn pé. Kánópì funfun ni wọ́n nà fún wa. Àwọn àgbààgbà fò nínú àpò ìrẹsì, ọ̀kan ṣubú, wọ́n gbé e dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n di aṣọ mọ́ àwọn kan lójú kí wọ́n gbá pẹ̀náríìtì, ọ̀kan sì gbá tirẹ̀ lu páànù ẹlẹ́ran. Ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú, ó ń bọ àwọn alákòóso lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dìde láti na ẹsẹ̀ lẹ́yìn kánópì, ibẹ̀ ni mo ti bá Náìn. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, sìmẹ́ńtì wà ní orúnkún rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ yín gan-an?"

Mo pòṣé. Mo ní kí ó bi ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa lọ. Ẹ̀gbọ́n wá bá mi ní sáìtì. Wọ́n ní ẹ ti yọ̀ǹda mi, pé tí ẹ bá ti rí mi báyìí, Dádì lẹ máa ń rántí, ó sì ti sú yín. Wọ́n ní kí n má wá dágbére, kó má baà tún dùn yín. Wọ́n gbé sílípáàsì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìgbà tẹ́ ẹ wá ń pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó yà mí lẹ́nu."

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí wọ́n ń gbọ́ ohùn mi ní Ọ̀jọ́ta. Ọkọ mi ni wọ́n fi purọ́ mọ́ mi, ọkọ mi tó wà nínú ilẹ̀. Mo kẹ́yìn sí Náìn láìdá a lóhùn, mo lọ tààrà sí iwájú, mo dúró ti Ẹ̀gbọ́n lórí, mo sì bi í pé ṣé òótọ́ ni.

Kò jiyàn. Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú.

"Àwọn alákòóso ní tí a bá fi Náìn sílẹ̀ fún Ọ̀jọ́ta, àwọn á gbé Ọjọ́ Àṣàyàn wá síbí," ó wí. "Ìyàwó, ká ní mo bi ẹ́, ṣé wàá gbà?"

"Rárá."

"Ìdí tí mi ò fi bi ẹ́ nìyẹn."

Mo yíjú sí àwọn yòókù. Mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́, mo ní Ẹ̀gbọ́n ti fi ọmọ wa gba kánópì, ó sì fi orúkọ mi ṣe é. Mo dúró kí wọ́n bínú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bínú. Nítorí ihò inú àwọ̀n, a bínú fún odindi oṣù. Kò sẹ́ni tó dìde. Tíṣà mú fóònù jáde, ó ń wo ojú rẹ̀, fóònù náà ò sì tàn. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fa àga mi súnmọ́ mi díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó ná, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo ń sọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbogbo wọn ló ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n mọ̀ nígbà tí mo ń pe àbúrò mi nítorí àga. Wọ́n mọ̀ ní Ọ̀jọ́ta, nígbà tí wọ́n ń ṣàṣẹ sí èpè mi.

Mo sáré padà sẹ́yìn kánópì kí n lè sọ fún Náìn pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ti ẹnu mi jáde. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo bi obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà bóyá ó rí ọkùnrin kan tí sìmẹ́ńtì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ní ó ti lọ, pé ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kẹ́yìn sí i, bí ẹni tó ń retí kí n yíjú padà, kí ó tó wá máa lọ. Rẹfirí fọn fèrè, gbogbo abẹ́ kánópì sì hó yèè.