Ọdún Tí Mo Fi Yorùbá Ju Bọ́ọ̀lù

Èjìká ọ̀tún mi dún kọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Olíńpíìkì ti London, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Mo ṣì ń gbọ́ ìró yẹn létí. Èmi ni mò ń ju bọ́ọ̀lù nígbà náà fún ẹgbẹ́ softball àwọn obìnrin ilé ẹ̀kọ́ gíga wa. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kó má dààmú: ẹnì kan á fi apá yí po, á ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀; ẹnì kejì á di igi mú, á fẹ́ gbá a lọ jìnnà. Iṣẹ́ tèmi ni kí onígi máa gbá afẹ́fẹ́. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì ń fi ṣe fọ́ńté, mi ò ní purọ́. Láti kékeré ni mo ti ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé wa ní Thamesmead North, tí màmá mi, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, tó sì fẹ́ sùn lọ́sàn-án, á yọjú lójú fèrèsé: "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ògiri yẹn fi ṣe ọ́?"

Nígbà tí dókítà ní kí n má ju bọ́ọ̀lù mọ́, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n gba ọkọ mọ́ lọ́wọ́. Ọdún yẹn náà ni kóòṣì àgbà wa fẹ̀yìn tì. Àwọn alákòóso ní kí n máa bá wọn mójú tó ẹgbẹ́ fún sáà kan, káwọn fi wò mí. Tá a bá já sí ìpele ìsàlẹ̀, wọ́n á wá kóòṣì gidi. "Gidi" yẹn dùn mí dé eegun. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ, torí láìsí bọ́ọ̀lù yẹn, mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́.

Woolwich Dockyard ni ọmọ tó gba ipò mi ti wá. Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú kó tó wá bá àwọn òbí rẹ̀ nílùú òyìnbó. Tó bá fẹ́ kí mi, tòun ti híjáàbù rẹ̀ ló máa kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ òyìnbó inú ẹgbẹ́ wa á rò pé okùn bàtà ló ń so. Ìyẹn ló ṣí mi lójú. Dípò kí n máa fi ìka ṣàmì irú bọ́ọ̀lù tó máa jù, táwọn alátakò á jí wò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá pariwo: "Sáré!" fún bọ́ọ̀lù tó yára, "Rọra!" fún èyí tó ń falẹ̀, tí onígi á ti fì kó tó dé. A na tibí, a na tọ̀hún. Mo wá rò pé ọgbọ́n mi ò lẹ́gbẹ́. Èmi tí mi ò lè ra búrẹ́dì ní Yarnton Way kí ẹnì kan má kí mi ní "Ẹ káàárọ̀", èmi ni mo rò pé mo dá gbọ́ Yorùbá ní London!

Ó wá ku eré ìkẹyìn, lórí pápá tiwa. Tá a bá fìdí rẹmi, a já nìyẹn, èmi náà sì já. A fi ẹyọ kan ṣáájú, eré ti fẹ́ parí, ni ọmọ gíga kan tó dirun nínú ẹgbẹ́ kejì bá mú igi. Mo ní "Rọra!" Ọmọ náà dúró dè é pẹ̀sẹ̀, ó gbá a lọ réré, ó sáré wá dúró sí ibùdó kẹta, níbi tó ti ku díẹ̀ kó wọlé gba ẹyọ kan, níwájú mi gan-an. Ó gbọn yẹ̀pẹ̀ nù. "Thanks yeah, Auntie. O sọ fún mi pé slow ló ń bọ̀." Kò tilẹ̀ fi "ẹ" sí i.

Mo rò pé ó ṣèèṣì ni. Mo ní "Sáré!" fún onígi tó kàn, ọmọ yìí ti ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "Fast!", díẹ̀ ló kù kí ìyẹn gbá a wọlé. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí onígi tàsé, kó parí. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Mo fọwọ́ ká ẹnu, mo pariwo: "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú!"

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa wò mí. Ó wá tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Auntie, kí lo fẹ̀sọ̀ mú?" ni ọmọ gíga yẹn ń bi mí. Màmá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà, ó ti gbọ́ ọ yé. Ó la ẹnu láti kìlọ̀, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù jáde, ó ń bọ̀ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Onígi ti fì, ó ti yí po, kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń mú un lẹ́yìn rẹ̀.

"Kì í bàjẹ́, mà!" ni ọmọ Ìjẹ̀bú fi dá mi lóhùn láti àárín pápá.

"Ṣó o rí i?" Màmá yẹn ń nu omijé ẹ̀rín, ó ń bá ọmọ rẹ̀ wí. "Mo ní kó o máa bá màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o ní network ò dáa."

Wọn ò wá kóòṣì gidi mọ́. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà báyìí, èjìká mi sì máa ń ro mí tí òtútù bá mú. Mo fi ọwọ́ ara mi borí nínú eré tó pọ̀ láyé ìgbà yẹn, inú mi sì dùn sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ọjọ́ tí ọmọ ọlọ́mọ fi ọwọ́ tirẹ̀ parí ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀.