Àwo Ẹ̀wà tí Kò Lórúkọ

Òórùn àkàrà ló jí mi láàárọ̀ òní. Epo pupa ni ìyá tó ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa lò, bóyá nítorí pé òróró ti wọ́n, n kò mọ̀. Bí òórùn epo gbígbóná yẹn ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, n kò sí ní Ìbàdàn mọ́. Mo ti padà sí Banjul, ní Portuguese Town, ní àgbàlá Mama Àìṣátù. Mo jókòó lórí àpótí, mò ń bó ẹ̀wà tí kò fẹ́ tán. Ó rẹ̀ mí nígbà náà, ó sì tún rẹ̀ mí bí mo ṣe rántí rẹ̀ yìí.

Bàbá mi ló kó wa lọ sí Gambia. Olùkọ́ ìṣirò ni, wọ́n ń wá olùkọ́ lọ́hùn-ún, ó sì sọ pé ọdún díẹ̀ la ó lò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, bí àgbàlagbà bá sọ fún yín pé ọdún díẹ̀, ẹ di ẹrù yín dáadáa. Yàrá méjì la háyà lọ́wọ́ Mama Àìṣátù. Obìnrin Aku ni, Mùsùlùmí, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Freetown wá. Wọ́n ní Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó dé Freetown, ṣùgbọ́n Mama kò gbọ́ Yorùbá tiwa. Èdè Aku ló ń sọ, èyí tó sún mọ́ Píjìn, àmọ́ bí ẹ bá tẹ́tí, ẹ ó máa gbọ́ àkàrà, ẹ̀gúsí, agbádá àti kọ́mọjáde nínú rẹ̀. Bàbá mi ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rí ẹ̀wù bàbá rẹ̀ lọ́rùn àlejò.

Ilé pákó àtijọ́ ni ilé náà. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn igún a sì máa tò sórí rẹ̀ láàárọ̀. Ní Banjul, igún ń rìn lójú pópó bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti pẹ́ kó tó jáde nílé, kò sì sẹ́ni tó ń lé e. Ìyá mi kò fẹ́ràn wọn rárá. Mama sọ fún un pé bí igún bá bá wọn jẹ oúnjẹ awujọ, a jẹ́ pé àwọn òkú ti gbà á nìyẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa, àpéjọ èèyàn là ń pè ní àwùjọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, oúnjẹ òkú ìdílé ni. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo obìnrin àgbàlá, títí kan èmi tí n kò ní òkú kankan nínú ilé náà, la ó máa bó ẹ̀wà, tí a ó máa lọ̀ ọ́, tí a ó máa dín in. Wọn a gbẹ́ ihò kékeré sídìí igi máńgòrò. Mama, tó jẹ́ àgbà ilé, a wá máa pe àwọn tó ti lọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti pe ẹnìkan, a bu ẹ̀wà àti àkàrà sínú ihò, a ta omi sí i. Ẹni tí wọn kò bá pè, kò ní bá wọn jẹun. Òfin ibẹ̀ nìyẹn.

Bó bá pè wọ́n tán, àwo ẹ̀wà kan a máa ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mama a dì í mú, a bojú wo ihò náà, kò ní pe ẹnikẹ́ni sí i. Lẹ́yìn náà a gbé e fún àwa ọmọdé. A fẹ́ràn àwo yẹn ju gbogbo àwo yòókù lọ, torí òun lẹja máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ jù. N kò mọ̀ pé oúnjẹ bàbá rẹ̀ là ń jẹ.

Bàbá rẹ̀ lọ sógun Bọ́mà nígbà tí Mama ṣì ń rákò, kò sì padà. Ìròyìn dé pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ìyá tó bí ọkùnrin náà kò gbà. Ó ní òun kò rí òkú ọmọ òun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pe ọmọ òun mọ́ òkú. Wọn kò pè é. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń pè é ní Bọ̀dá. Ìyá Mama kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn tó mọ orúkọ náà kú tán. Mama kò bi wọ́n nígbà tí wọ́n wà láyé, torí ta ni yóò máa béèrè orúkọ ẹni tí gbogbo ilé ń retí? Nígbà tó fi máa yé e pé kò ní dé mọ́, orúkọ ìdílé nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ kan pé ikú kò ba òun lẹ́rù. Ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni kí òun dé ọ̀hún, kí òun bá bàbá òun níta, kí ebi máa pa á, torí pé kò sẹ́ni tó pè é wọlé.

Bàbá mi ní àwọn ológun kì í sọ ìwé nù. Ó kọ̀wé sí London, wọ́n sì fèsì pé kí a mú orúkọ rẹ̀ wá, tàbí nọ́ńbà rẹ̀. Orúkọ tí à ń wá kiri ni wọ́n ní ká mú wá. Ó wá kù kí a lọ wo àwọn ìwé àtijọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí bàbá mi ráyè, Mama kò sì ka ìwé òyìnbó, nítorí náà èmi tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo di ojú rẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an làwọn ṣọ́jà gbàjọba. Ẹ wo àkókò tí Mama yàn láti máa béèrè ṣọ́jà. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi wá pé kí ni ṣọ́jà náà ṣe fún wa. Mama ní ó bí òun ni. Ọkùnrin náà wò wá títí, ó ní ká wọlé. Akọ̀wé kan wà nínú tí ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ju súbà lọ, èyí tí í ṣe ọ̀la ní èdè Wolof. Súbà, kọ́kọ́rọ́ kò sí nílé. Súbà, ọ̀gá kò tíì dé. Mo sọ ọ́ ní Bàbá Súbà. A ó rìn lọ nínú oòrùn, a ó rìn bọ̀, Mama a gbọ́wọ́ lé mi léjìká, èjìká mi a máa ro mí. Ó sú mi, ó sì sú òun náà, àmọ́ kò sí ibòmíràn tó lè lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé àwọn ọmọ ogun fún wa, ìṣòro mìíràn dé. Ìdajì ìlú ló ń jẹ́ orúkọ ìdílé wọn. Èwo nínú gbogbo wọn ni bàbá rẹ̀? A wá a títí, ọwọ́ wa dúdú fún eruku. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ wá pátápátá, Bàbá Súbà gbé ìwé mìíràn sílẹ̀ níwájú wa, èyí tí wọ́n fi ń sanwó fún ìyàwó àwọn tó lọ sógun. Mò ń kà á sókè kí oorun má baà gbé mi lọ ni. Mo ka Portuguese Town. Mo ka orúkọ ọkọ: Baba Àìṣátù.

Mama ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló lọ gbowó ọkọ. Akọ̀wé bi í lórúkọ ọkọ rẹ̀, ìyàwó ilé kò sì lè torí òyìnbó pe ọkọ lórúkọ. Ohun tó ń pè é nílé ló sọ, akọ̀wé sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ológun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú pé ó kú ní Bọ́mà. Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá mi nírọ̀lẹ́, ó ní ohun tí à ń wá lọ Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí London.

A ti kó kúrò nílé Mama lọ sí Old Jeshwang, nítòsí Banjul, kí èsì tó dé, a sì gbé e lọ bá a. Àìsàn ti sọ Mama di ẹni tí wọ́n ń gbé dìde. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ka orúkọ náà sí i létí, mo sì gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí. Mama di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí bàbá mi má tún un wí mọ́. Ó gba lẹ́tà náà, ó ní kí wọ́n lọ rẹ ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ awujọ, wọ́n gbé e jókòó sídìí igi máńgòrò. Ó pe gbogbo àwọn tó kù tán, ó gbé àwo rẹ̀ dání, gbogbo wa sì ń retí orúkọ tí a fi ẹsẹ̀ àti èjìká wá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ní, Mama, ẹ pè é o. Mama gbójú sókè.

“Us pikin de kol in papa in nem?”

Ọmọ wo ló ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ? Ó ní ìyá òun kò pè é, òun kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ká lẹ́tà London, ó fi í sísàlẹ̀ ihò, ó da gbogbo ẹ̀wà àwo náà lé e lórí. “Baba Àìṣátù,” ló wí, “kam it.” Wá jẹun. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí àwo tó ṣẹ́kù fún àwọn ọmọdé, inú sì bí àwọn kéékèèké.

Mo tún dé ibẹ̀ lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn tí Mama kú. Bàbá mi náà ti kú. Wọ́n ti wó ilé pákó náà, ṣọ́ọ̀bù fóònù ló wà níwájú, ṣùgbọ́n igi máńgòrò ṣì wà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ilé kì í bó ẹ̀wà mọ́. Ọ̀dọ̀ alákàrà kan ní Talinding ni wọ́n ti ń rà á, inú fóònù ni wọ́n sì ti ń ka orúkọ àwọn òkú. Wọ́n ka Baba Àìṣátù, wọ́n ka Àìṣátù tẹ̀lé e. Igún méjì balẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn bi mí bóyá mo rántí orúkọ tó wà nínú lẹ́tà yẹn. Mo ní n kò rántí.

Mo rántí. Èmi tí mo jẹ́ àlejò nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n, ó sì ń rẹ̀ mí, torí ẹrù ẹlẹ́rù kì í fúyẹ́. Àwọn ọmọ tèmi náà ti bi mí títí. Àkàrà tí mo rà láàárọ̀ ti tutù sórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, àyè orúkọ náà sì wà lójú ìwé níbí. N kò ní kọ ọ́.