Ọkọ́ Yekoyasi Tí Kò Kan Ilẹ̀ Rí

Wọ́n ní omi ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe omi, pé ó ti ṣèrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mbale nígbà tó wà lọ́mọge, pé àgbélébùú wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi tí mò ń kọ èyí ti tú àpótí náà rí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n bá òun wá abẹ́rẹ́. Aṣọ méjì, abẹ́rẹ́, fọ́tò bàbá rẹ̀, ó tán.

Ẹni tí mò ń sọ ni Yudita Nambozo, ìyá Eriya, tó ń gbin kọfí lẹ́yìn ilé wa. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Júù ni wá lórí òkè yìí láti ayé àwọn bàbá-bàbá wa. Kò sẹ́ni tó wá sọ wọ́n di Júù. Wọ́n ka Òfin, wọ́n gbà á, wọ́n kọ ọmọ wọn nílà lọ́jọ́ kẹjọ, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn Júù òkè òkun ní àwọn ò lè fi ẹnu lásán gbà wá: rábì gbọ́dọ̀ bi èèyàn léèrè, kéèyàn wọ odò kí omi bò ó látorí dé ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fún un níwèé. Àwa púpọ̀ ti wọ̀ ọ́ tipẹ́. Yudita wà nílé ọkọ ní Jinja nígbà yẹn. Nígbà tí rábì mẹ́ta tún dé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó wá kàn án. Àwọn àgbà ìjọ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá níwèé, wọn ò ní sin ín sí itẹ́ òkú wa. Itẹ́ yẹn ni bàbá rẹ̀ wà.

Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn rábì jókòó sí, pẹ̀lú ẹni tó ń túmọ̀ fún wọn. Èmi àti Erina, ìyàwó ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé àdúrà, la ń kó aṣọ tí a máa ta bo àwọn obìnrin létí odò. Yudita dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í, ti Ọjọ́ Ìsinmi o, ti ẹran tí a kì í jẹ o, ti ìwúkàrà tí à ń gbá kúrò nílé kí Ìrékọjá tó dé o. Orúkọ ló dá wàhálà sílẹ̀.

"Ta ni bàbá yín?" Rábì tó dàgbà jù ló bi í.

"Yekoyasi."

Rábì ní nínú ìwé, Yudita ọmọ Ábúráhámù ni àwọn máa kọ, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gba odò wọlé.

"Ábúráhámù wo?"

"Ábúráhámù baba gbogbo wa, Màmá."

"Baba wa ni, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo ń gbé ọ̀dùnkún lọ fún lóko." Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Erina ò jẹ́ kó jìnnà. "Màmá Eriya, ṣé ẹja ló máa gbé yín mì ni? Àbí omi pásítọ̀ ò tíì gbẹ lára yín?"

"Erina, itọ́ ẹnu ẹ nìkan tó wẹ gbogbo abúlé."

Ibẹ̀ ni àhesọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a nílé, ó sì sọ ti bàbá rẹ̀ fún mi. Nígbà tí Amin, ológun yẹn, ń ṣèjọba, wọ́n ti ilé àdúrà pa, wọ́n ka Ọjọ́ Ìsinmi léèwọ̀. Ẹni tó bá jókòó sílé ní Sátidé, olóyè àdúgbò á fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Yekoyasi bá ra ọkọ́ tuntun. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, á gbé e léjìká, á gba iwájú ilé olóyè kọjá, á kí i, á ní iṣẹ́ ti yá. Tó bá dé oko kọfí, á jókòó sábẹ́ igi, á máa ka Sáàmù tó mọ̀ sórí títí oòrùn á fi wọ̀. Yudita, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń gbé ọ̀dùnkún tí wọ́n ti sè láti ọjọ́ Jímọ̀ lọ fún un. Òun náà ló ń fi ẹrẹ̀ pa ẹnu ọkọ́ náà lọ́sàn-án Jímọ̀, kí olóyè má baà rí i pé ó ń dán.

"Ọdún méje, Sipora," ló wí. "Ọkọ́ yẹn ò kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá ní kí n fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tiẹ̀?"

"Tẹ́ ò bá wọ odò ńkọ́? Ibo la máa sin yín sí?"

Ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ṣa á pẹ́ kó tó ní, "Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn nìyẹn."

Lọ́jọ́ kẹta, tí àwọn rábì ń múra àtilọ, a rí i tó ń bọ̀ tòun ti ọkọ́ léjìká.

"Ẹ wò ó," ni Erina wí, "ó fẹ́ gbẹ́ odò tiẹ̀ lọ́tọ̀!" A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó na ọkọ́ náà síwájú àwọn rábì, ó ro ẹjọ́ bàbá rẹ̀ fún wọn látòkèdélẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní ọjà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn rábì sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́. Ògbufọ̀ ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, Yudita ní kó túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní gbígbé ọkọ́ jáde lọ́jọ́ ìsinmi, iṣẹ́ lòun náà."



"Bàbá mi ò mọ̀," ni Yudita wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ò sí níbẹ̀."

Rábì àgbà wo èkejì rẹ̀, ìyẹn tẹjú mọ́lẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ pa ẹnu ọkọ́ náà. Ó ní òun ò lè yí bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé padà, kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá, àwọn tí kò mọ bàbá yín là ń kọ ìwé fún. Tí wọ́n bá bi yín lábúlé yín pé ọmọ ta ni yín, ẹ má purọ́ fún wọn."

Yudita yíjú sí mi. Ó gbé ọkọ́ náà fún mi. "Gbà á dání. Má gbé e sílẹ̀ o."

Bí mo ṣe fi ọwọ́ kan ta aṣọ, tí mo fi ọwọ́ kejì di ọkọ́ mú létí odò nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rì. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbúnwọ́ rẹ̀ yọ síta, Erina ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Kò tíì wọlé tán! Ẹ tún rì, Màmá Eriya!"

Ìwé náà wà nínú àpótí báyìí, ó fara ti fọ́tò Yekoyasi. Ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ikọ́ ti ń bá a jà láti ìgbà òjò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ bá a já kọfí, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní:

"Tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni o. Ọkọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fi gbẹ́ ibojì mi. Ó ti sinmi tó."