Wọ́n Ní Àwọn Ló Mú Un

Òórùn omi lórí eruku ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ ní Samaru, ní Zaria, màmá kan wà tí wọ́n ń gbálẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti fọ́n omi síbẹ̀ ná. Bí a bá dé láàárọ̀ tí ètè wa ti bó, òórùn yẹn la máa ń bá nínú kíláàsì. Ìtòsí Ọ̀fà ni wọ́n ti wá lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn nínú ọgbà ilé tí àwa náà ń gbé. Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò gbọ́. Hausa, kò ju “sannu” lọ. Èmi ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀, torí pé ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Zaria, Hausa ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Yorùbá rẹ̀ kò dá rárá.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa, obìnrin ni, kì í sì í ṣe Yorùbá, àmọ́ ó máa ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Má bínú pé mi ò pè é ní “wọ́n”, ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lára mi tipẹ́. Ní táàmù yẹn, ó ń kọ́ wa bí ènìyàn ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ: bí “will” ṣe ń di “would”, bí “took” ṣe ń di “had taken”. Ṣùgbọ́n ohun tó fi ń gbádùn ara rẹ̀ jù ni àwa ọmọ Yorùbá. Bí ẹnìkan bá ti sọ pé “they” nítorí ìyá rẹ̀, á ní, “They? Ìyá mélòó lo ní?” Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan, ojú tì mí dé ilé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi, títí tí “they” kò fi jáde mọ́ fún ẹnìkan ṣoṣo. Mo ń dúró kó yìn mí.

Àsìkò yẹn ni ìbéèrè ìdánwò sọnù nínú ọ́fíìsì. Màmá ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, nítorí wọ́n máa ń gbálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n pè mí wá láti ṣe ògbufọ̀. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, ó ká ọwọ́ lé itan. Ọ̀gá ní kí n bi màmá pé ta ló mú ìwé náà.

Màmá kúnlẹ̀. Wọn ò na ìka sí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn tẹ orí díẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé, wọ́n ní, “Wọ́n ní àwọn ló mú un, àwọn á sì dá a padà.” Ọmọ tí màmá lè bí ni tíṣà yẹn o. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sọ ohun tó ṣe gan-an, wọ́n ṣì ń fún un ní “wọ́n”.

Mo nàró ṣánṣán. Mo ní, “She said that she had taken it and that she would return it.”

Ìwọ náà tún gbọ́ ọ wò. Kò sí ohun tó ṣe gírámà ibẹ̀. “Wọ́n” di “she”, “àwọn” náà di “she”, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń sọ sì di ọ̀kan náà. Ọ̀gá yíjú sí màmá, ó ní, “Kai, Mama!” Màmá rò pé wọ́n ń kí àwọn ni, wọ́n tẹríba. Tíṣà ló yé. Ó wo màmá, ó wò mí, ó wá ní, “Perfect. Máa lọ sí kíláàsì rẹ.”

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti yé mi. Mo lè yíjú padà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni. Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n dá màmá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Màmá bá mi lẹ́nu géètì, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wọn sínú korobá. “Ọmọ mi, kí lo sọ fún wọn?”

“Ohun tí ẹ sọ náà ni, Mà.”

Wọ́n ní mo ṣeun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó kúrò ní ọgbà ilé wa.

Èmi náà ti di tíṣà Gẹ̀ẹ́sì báyìí, níbí náà ni Zaria. Bí ọmọ kan bá pe ìyá rẹ̀ ní “they”, mo máa ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ìyá mi lọ sí ọsibítù ní Shika, mo sì rí ọmọ-ọmọ màmá nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo bèèrè màmá. Ó ní wọ́n ti kú. Orí ìdúró níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, pé Gẹ̀ẹ́sì mi ló yí ọ̀rọ̀ màmá padà, àti pé mo dákẹ́.

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. “Ai, ya wuce, ó ti kọjá. Màmá ti sọ. Màmá ní ó mọ̀.”

Ó mọ̀. Ta ni? Bó bá jẹ́ pé màmá ń sọ ti ara wọn ni, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á ní “Màmá ní àwọn mọ̀,” tàbí “òun mọ̀,” ó kéré tán, n ó sì gbà pé wọ́n mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ló da ọ̀rọ̀ rú, wọ́n sì ti fi jì mí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ yẹn, kì í ṣe màmá ló mọ̀. Èmi ni. Èmi ni mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ ni kò tíì dá títí di òní.

Mo lè bi í léèrè. Ó dúró níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ó ṣeun, mo sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.