Ọba Tí Ó Jókòó Lé Ọwọ́ Rẹ̀

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí eré ìbí Jésù ku ọjọ́ méjì, Tiwa bọ́ adé orí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì mi, ó ní òun ò ṣe ọba mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Láti ìgbà tí a ti ń pín ipò inú eré ni ó ti ń bẹ̀ mí pé òun ò fẹ́ ṣe áńgẹ́lì, òun ò sì fẹ́ ṣe àgùntàn. Ọba ni òun fẹ́ ṣe, ọba tí ó gbé wúrà wá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó padà lọ jókòó sáyè rẹ̀.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ irú olùkọ́ tí mo jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọmọ ní Abẹ́òkúta kí n tó dé London. Nígbà tí mo débí, mo kọ́kọ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, mo lọ gba ìwé ẹ̀rí tiwọn, wọ́n sì fún mi ní kíláàsì Year Two ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Thames View, níbi tí atẹ́gùn odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé ọmọ kékeré lọ lórí pápá. Ọgbọ̀n ọmọ ni wọ́n, èdè tí wọ́n ń sọ nílé ò sì lóǹkà. Mo mọ iṣẹ́ mi. Bí olùkọ́ mìíràn bá ń pariwo mọ́ ọmọ, èmi á kàn wo ọmọ lójú ni, ọmọ á sì jókòó jẹ́jẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì kọ́ ọmọ kékeré ní oṣù Kejìlá kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ariwo. Ìdánrawò eré lójoojúmọ́, ọjọ́ súwẹ́tà Kérésì, ọjọ́ oúnjẹ Kérésì, àpótí tí wọ́n ń ju káàdì sí, àti lẹ́búlẹ́bú dídán tí wọ́n ń pè ní glitter. Mo ti rí glitter nínú ọbẹ̀ mi nílé rí. Linda, olùrànlọ́wọ́ mi, òyìnbó tí wọ́n bí sí Dagenham nítòsí ibẹ̀, tí ó sì ti wà nílé ẹ̀kọ́ náà tipẹ́ kí n tó dé, ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń la oṣù náà kọjá. Ó ní, "Má fọwọ́ kan àkókò ìṣirò. Bí gbogbo nǹkan bá ń dàrú, jẹ́ kí agogo mẹ́sàn-án ṣì jẹ́ agogo mẹ́sàn-án." A ní àwọn káàdì alàwòrán lára ògiri tí ó ń fi ohun tí ó kàn hàn wọ́n: ìwé kíkà, ìṣirò, eré ìta, oúnjẹ. Bí ìdánrawò bá máa gba àyè ọ̀kan, ìṣojú wọn la ti ń yí káàdì náà láàárọ̀. Ọmọ tí ó bá mọ ohun tí ó kàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sunkún.

Ọ̀gá ni mo ka Linda sí nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí mo ní sí i ni pé ọwọ́ òsì ló máa ń fi gbé tíì fún mi. Mo máa ń gbà á, mo máa ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo máa ń sọ pé wọn ò kọ́ eléyìí nílé.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. A wà nínú gbọ̀ngàn, Tiwa gbé wúrà rẹ̀ bọ̀, agolo bisikíìtì tí a fi bébà dídán wé. Ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí a tọ́, ó sì fi ọwọ́ òsì na wúrà náà sí Màríà. Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi.

"Tiwa, ọwọ́ ọ̀tún. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áḿbọ̀sì ká fi fún Jésù ní nǹkan."

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, nítorí náà, nínú gbogbo gbọ̀ngàn, òun nìkan ló yé. Ó yára gbé agolo náà sí ọwọ́ ọ̀tún, ó yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó balẹ̀ lórí ọmọlangidi tí a fi ṣe Jésù, ó sì yí gbirigbiri lọ bá àwọn olùṣọ́-àgùntàn. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní ká máa bá eré lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó dá adé padà náà, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Bàbá Kérésì nígbà tí Linda fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi.

"Wo Tiwa. Ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀."

"Bóyá òtútù ló ń mú un."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ amúlégbóná wà," ni Linda fi dá mi lóhùn.

Mo lọ wò ó. Lóòótọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ itan rẹ̀. Ó fi ọ̀tún di pẹ́ńsùlù mú bí ẹni di ọmọ odó mú. Ọmọ tí ìkọ̀wé rẹ̀ máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí ó wà nínú bébà rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣeé kà.

Nígbà tí a jáde, ìyá rẹ̀ dúró kí àwọn òbí yòókù lọ tán. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń bọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ ma. Please, kí ni Tiwa ṣe tí ẹ fi ní kó má lo left hand ẹ̀ mọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Mo kàn ní kó fi ọ̀tún fúnni ní nǹkan ni. Home training ni, ìyá Tiwa. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ma." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Primary three, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, teacher wa fi okùn so ọwọ́ òsì mi mọ́ desk fún one whole term. Till today, tí wọ́n bá ní kí n fill form níbi iṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú, which hand. Mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run pé ọmọ mi ò ní jẹ ìyà yẹn. Mo rò pé tó bá máa ṣẹlẹ̀ sí i, òyìnbó ló máa ṣe é. I didn't know it would be you, Aunty."

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ojú tì mí, mi ò lè purọ́. Èmi náà ti so ọwọ́ ọmọ rí, ní Abẹ́òkúta, gèlè orí mi ni mo fi so ó. Ìyá ọmọ náà tilẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò rántí ojú ọmọ náà mọ́, mo kàn rántí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kéré tó nínú gèlè náà. Gbogbo wa là ń pè é ní ẹ̀kọ́ nígbà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣe ohun tí Linda ní kí n má ṣe. Mo yọ káàdì ìṣirò kúrò lára ògiri. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sọ fún wọn pé èmi, Miss wọn, ṣe àṣìṣe ní ọjọ́ Ajé, mo sì bẹ Tiwa níwájú gbogbo wọn. Mo bi wọ́n pé ta ló ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ọmọ mẹ́ta nawọ́. Linda náà nawọ́ lẹ́yìn, ó ń wò mí. Tiwa ò nawọ́. Ó ṣì jókòó lé e.

Mo rí i pé ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán kò ní tó. Mo bá mú bírò pátákó, mo fi ọwọ́ òsì mi kọ orúkọ mi. Ó rí bí ibi tí adìẹ ti ń tan ilẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, kò dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìgbà kẹta, òógùn ti ń bọ̀ níwájú orí mi, nítorí kì í ṣe eré ni mo ń ṣe mọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan.

"Miss, ẹ má dì í mú pinpin."

Tiwa ni. Yorùbá ló sì fi sọ ọ́, òun tí kì í sọ ọ́ ní kíláàsì. Ó dìde, ó fi ọwọ́ òsì gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú hàn mí, ó sì kọ orúkọ tirẹ̀, gbogbo Tiwalolú, gúnrégé. Bí ó ti ń padà lọ sáyè rẹ̀, ó yà sídìí tábìlì mi, ó mú adé rẹ̀.

Eré náà lọ bí irú rẹ̀ ti máa ń lọ. Áńgẹ́lì kan sunkún, àgùntàn kan ké sí mi láti orí ìtàgé pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Tiwa rìn wá, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé wúrà lé Màríà lọ́wọ́. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú mi kò tíì dùn sí iṣẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Jimọ́ la parí táámù. Tiwa àti ìyá rẹ̀ wá dágbére lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ìyá ní, "Oyá, fún Miss." Tiwa na káàdì kan sí mi, ọwọ́ òsì ló fi nà án. Mo rí i tí ìyá rẹ̀ la ẹnu. Mo mọ ohun tí ó fẹ́ sọ, nítorí ìyà yòówù kí ìyá Yorùbá ti jẹ, kò rọrùn fún un láti dákẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń fi òsì fún àgbàlagbà ní nǹkan. Kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, mo ti na ọwọ́ òsì tèmi, mo fi gba káàdì náà.

Ìyá Tiwa pa ẹnu dé. Ó wo ọwọ́ mi. Ọ̀rá kan tí ó kó puff-puff sí wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gbé e sí òsì, ó kúnlẹ̀, ó sì nà án sí mi.